Ìkéde Láti Ààfin Òkè-Adùn: Ẹ Má Kọ "Pupa" Síbi Irú Ẹ̀jẹ̀ Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Adùn, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọṣọ, kó fi ọṣẹ sílẹ̀! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mì, kó má bu òmíràn! Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó dúró díẹ̀, ìjà náà kò ní sá lọ! Èmi Lámídì akéde ni mo dé. Agogo ni tèmi, ọ̀rọ̀ ni ti Kábíyèsí Aládùn.

Òfin tuntun dé o! Mo ní òfin tuntun dé! Irú rẹ̀ kò wáyé rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú yìí dó! Kábíyèsí ní n kò gbọdọ̀ ka òfin nìkan. Wọ́n ní bí mo bá ka òfin láìsọ ìdí rẹ̀, ẹ ó rò pé orí ààfin ti dàrú. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn ni n ó máa sọ, ibi tí òfin bá ti já bọ́ nínú rẹ̀, ẹ fi etí gbé e.

Ọjọ́rú tó kọjá ni, ní agogo kan ọ̀sán. Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó Gbádébọ̀ oníbúrẹ́dì, bí ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn wa. Ọmọ dé layọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá o! Ó ń dà, kò dá! Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yítáyọ̀ sáré jáde sí wa, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni obìnrin yìí nílò, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀kẹ́jẹ̀. Ó-nẹ́gẹ́tíìfù ni. Àwọn tó ní i kò pọ̀. Wákàtí méjì ni mo lè fún yín."

Ẹ ó ní kí ló dé tí a kò gbé e lọ sí ìlú ńlá. Ẹ ti gbàgbé ni? Òjò ọjọ́ Àìkú ti wọ́ afárá Odò Èékú lọ! Ọkọ̀ kò lè kọjá. Alùpùpù kò lè kọjá. Ẹja nìkan ló ń kọjá!

Gbádébọ̀ gba ojú ọ̀nà, ó di ààfin. Ìyẹ̀fun bo orí rẹ̀ bí ewú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, Mọ́rẹ́nikẹ́ ń lọ. Ẹ bá mi wá ẹ̀jẹ̀."

Ibẹ̀ ni Kábíyèsí ti rántí Àká Ìwé. Ẹ ṣì mọ̀ ọ́n, àbí? Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìpàdé ni, tí a kọ ara wa sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀ nínú rẹ̀: orúkọ, agboolé, iṣẹ́, irú ẹ̀jẹ̀. Ìwé ẹnì kan gùn, ti ẹlòmíràn kúrú, kò sí ẹni tó ní dandan ni kí wọ́n dọ́gba. Ẹni tó ń bójú tó o ni Àǹtí Ìbídùn, ọmọ bàbá télọ̀. Òun ló máa ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ ní èdè kan tí wọ́n ń pè ní Sí. Sí! Kì í ṣe "sí" tí a fi ń lọ sí oko! Lẹ́tà òyìnbó tí ABD tiwa fò kọjá ni!

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Ìbídùn. Ó dé. Ó fẹ́ jókòó, Olóyè Ọ̀tún dìde. Olóyè ní òun kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Iṣu tí à ń bù nínú àká, ó ń bọ̀ wá tán. Orúkọ tí ẹ fẹ́ máa kà yìí, bí ó bá tán ńkọ́? Ta ni yóò wá jẹ́ ará ìlú?"

Àǹtí Ìbídùn kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kíkà lásán ni mo fẹ́ kà á. N kò ní í kọ nǹkan kan sí i, n kò ní í pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Ojú tí a fi wo iṣu kì í jẹ iṣu."

Kábíyèsí na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Mo fún ọ ní àṣẹ kíkà." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o! Àṣẹ kíkà ni, kì í ṣe àṣẹ ìkà!

Òfin kìíní nìyẹn! Kíkà kò gbọdọ̀ di kíkọ! Ẹni tí a bá ní kó ka nǹkan, kó kà á, kó sì gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀! Ó kan ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka lẹ́tà fún àgbàlagbà, tí ẹ ń fi ìkíni tiyín kún un! Ó kan ìwọ tí o ka ìwé ìpè ìgbéyàwó, tí o sì fi ìkọ̀wé yí ọjọ́ rẹ̀ padà nítorí pé ọjọ́ náà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn! A ti mọ̀ ọ́! Ìyà rẹ̀ rèé: ẹni náà yóò jókòó ti Olóyè Ọ̀tún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Olóyè yóò sì máa sọ ìtàn ìran wọn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ o! Kò ní fò!

Àǹtí Ìbídùn jókòó, ó ń tẹ̀, ó ń tẹ̀. A yí i ká bí ẹni tó ń wo ẹyin tó fẹ́ pa. Ó kọ àṣẹ náà tán: kí àká kó orúkọ àwọn ará ìlú wá, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà kọ̀! Ó ní nǹkan kan kù. Kí ló kù? Àmì bíńtín kan ní ìparí ìlà, àmì tí kò tó ojú kòkòrò! Gbádébọ̀ ń sunkún, Kábíyèsí ń làágùn, àmì tí kò tó ojú kòkòrò ló dá gbogbo Òkè-Adùn dúró! Ó fi í síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà. Àṣẹ lọ.

Ìdáhùn dé. Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Àǹtí Ìbídùn fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un tọ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí padà sí wa, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Kábíyèsí, kò sí."

Kò sí! Gbádébọ̀ fi iwájú orí lé ilẹ̀. Ìyẹ̀fun orí rẹ̀ dà sórí ẹní ààfin, kò sẹ́ni tó bá a gbọ̀n ọ́n.

Màmá Ẹfúnyẹlá ló sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń hun ẹní ní ẹ̀bá ojúbọ àtijọ́. Àwọn ni ìyá tó bí Mọ́rẹ́nikẹ́. Wọn kò sunkún rárá. Wọ́n kàn sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ìbídùn, wo orúkọ tèmi níbẹ̀."

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ yín kọ́ là ń wá."

Wọ́n ní, "Mo ní kí o wò ó!"

Ó wò ó. Ó ní, "Màmá, kò sí."

"Báwo ni kò ṣe ní sí? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́! Ibi tí mo jókòó sí rèé, ìwọ lo gbé àga fún mi lọ́jọ́ náà! Bí èmi kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wa ló dé síbẹ̀!"

Àǹtí Ìbídùn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. Pàá! Ó ní, "Háà! Èmi ni mo jẹ̀bi! Agbọ̀n kan péré ni mo gbé!"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe là á yé wa. Bí èèyàn bá fi èdè Sí béèrè lọ́wọ́ àká, àká kì í da gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Agbọ̀n àkọ́kọ́ ló máa gbé fún ọ. Yóò wá kọ nọ́ńbà gígùn kan sí ìdí agbọ̀n náà. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé, "Ó kù nílé o, padà wá!" Títí nọ́ńbà náà yóò fi di òdo, ó ṣì kù! Mo ní ó ṣì kù! Àǹtí Ìbídùn rí nọ́ńbà náà, ìkánjú ni kò jẹ́ kó bìkítà fún un.

Òfin kejì! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "kò sí" láìkọ́kọ́ béèrè pé "ṣé ó kù?" Ẹ wí i tẹ̀lé mi: ṣé ó kù? Ó kan ọkọ tó ṣí ìkòkò kan ṣoṣo tó ní kò sí ẹran! Ó kan ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ní òun kò rí bàtà òun! Ìyà rẹ̀: yóò ka ewé igi ọ̀dán iwájú ààfin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀!

Àǹtí Ìbídùn padà sídìí iṣẹ́. Agbọ̀n kejì dé. Agbọ̀n kẹta dé. Bó bá ti ka ọ̀kan tán, yóò dá agbọ̀n náà padà kíá. Olóyè Ọ̀sì bi í pé kí ló ń dá padà. Ó ní, "Bàbá, ní èdè Sí, ohun tí ẹ bá yá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó dá a padà. Kò sí ẹni tí yóò bá yín kó o. Bí ẹ kò bá dá a padà, yóò kún inú kọ̀ǹpútà títí yóò fi dákú." Olorì, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wo Olóyè Ọ̀sì. Àwo tánganran Olorì mẹ́rin ló wà nílé Olóyè láti ọdún Iléyá! Olóyè Ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Òfin kẹta! Gbogbo àwo tí a yá, kó padà sílé olówó rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀! Àwo, ìkòkò, ọlọ, àkàbà, agbada búrẹ́dì! Ẹ fọ̀ ọ́ o! Ẹ má gbé e lọ pẹ̀lú ọbẹ̀ àná lára! Ẹni tí kò bá dá a padà, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò máa fi jẹ ẹ̀kọ gbígbóná ní oríta fún ọjọ́ méje! Ẹ̀kọ gbígbóná o! Kò sí ewé!

Ṣùgbọ́n bí agbọ̀n ṣe ń dé ni ìtìjú ń dé. Kí ni àwọn èèyàn wa kọ síbi irú ẹ̀jẹ̀? Pupa! Wọ́n kọ pupa! Èèyàn ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ló kọ pupa! Ẹnì kan kọ "ó gbóná." Ẹnì kan kọ "ti bàbá mi." Ẹnì kan kọ "ẹ bi ẹ̀fọn." Olóyè Ọ̀tún kọ "ọlọ́lá." Ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìsàlẹ̀-Ọjà fi orúkọ òbúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ará ìlú, ó sì kọ ọ́ pé onígbàgbọ́ ni! Àǹtí Ìbídùn ń kà á jáde, omijé ń dà lójú rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. "Pupa. Pupa. Pupa. Lámídì akéde, pupa."

Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi náà. Mo ti tọrọ àforíjì.

Òfin kẹrin! Ẹ má kọ pupa mọ́! Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló pupa! Ti ìkamùdù nìkan ni kò dá wa lójú! Láti ọ̀la lọ, agboolé kọ̀ọ̀kan yóò tò lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yítáyọ̀, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, Àǹtí Ìbídùn yóò sì tún ìwé yín ṣe. Ẹni tó bá kọ̀, a ó máa pè é ní Pupa láàárín ìlú. Ìyàwó rẹ̀ yóò di Ìyá Pupa. Ajá rẹ̀ náà kò ní bọ́ níbẹ̀! Ní ti òbúkọ onígbàgbọ́, ó ní ọjọ́ mẹ́ta láti kúrò nínú àká!

Agbọ̀n kẹtàdínlógún ló là wá. Ìwé kan dúró ṣinṣin láàárín pupa gbogbo. Orúkọ: Ògúngbèmí. Oyè: Jagun Òkè-Adùn. Irú ẹ̀jẹ̀: Ó-nẹ́gẹ́tíìfù! Ìgbà tí Jagun ń gba ìwé ìwakọ̀ ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àǹtí Ìbídùn kígbe, àwa náà kígbe! Jagun tiẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú wa, láàárín àwọn ìjòyè! A yí padà sí àga rẹ̀.

Fìlà rẹ̀ nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Jagun tí ẹ mọ̀ yìí, tó fi ọwọ́ lásán mú erè jáde nínú kànga, abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù! Ó ti gba ojú fèrèsé! Mo sáré tẹ̀lé e. Mo ń lu agogo, mo ń kígbe, "Ẹ bá wa mú Jagun!" Àwọn tó gbọ́ rò pé ogun dé, àwọn náà ń sá! A dé ilé rẹ̀, kò sí ní yàrá. Kò sí lábẹ́ ibùsùn. Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí, mo rántí ohun tó wá di òfin kejì yìí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí àwọn adìẹ ń pariwo lẹ́yìnkùlé bí ẹni tí àlejò wọ̀ sí lọ́rùn.

Mo kan ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Mo ní, "Jagun, ẹ jáde!"

Ohùn kan dáhùn láti inú ibẹ̀, ó ní, "Jagun kò sí nílé."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dérèmí, ló bá mi níbẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì gbé ẹnu sún mọ́ ihò ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Bàbá Dérèmí, ẹ rántí ọjọ́ tí mo bí Dérèmí? Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà lára mi nìyí. Ẹ bọ́ sí ìta gbangba, ẹ ń ké pé kí gbogbo ènìyàn gbà yín. Ẹnì kan sì wá, ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ẹ rántí?"

A gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́ láàárín àwọn adìẹ.

Wọ́n ní, "Lónìí, ẹ̀yin ni gbogbo ènìyàn náà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Jagun jáde, ó tẹ orí ba. Ìyẹ́ wà lára agbádá rẹ̀, ìyẹ́ wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Lámídì, fún mi lọ́wọ́. Má sì ta á sílẹ̀ títí a ó fi dé ibẹ̀."

Òfin karùn-ún! Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní ìlú yìí! Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bó ṣe wù yín! Ṣùgbọ́n ilé adìẹ, ti adìẹ ni! Ẹni tí a bá bá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá a, yóò kí adìẹ náà ní "ẹ kú àárọ̀" lọ́kọ̀ọ̀kan fún ogún ọjọ́, yóò sì dúró títí tí wọn yóò fi dá a lóhùn! Ẹni tó bá sì fi ẹ̀rù Jagun ṣe yẹ̀yẹ́, ìyà tirẹ̀ tún le: òun ni yóò wọ inú kànga bí erè bá tún dé!

A dé ilé ìwòsàn. Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè ti ṣáájú wa débẹ̀. Gbádébọ̀ rí wa, ó di ẹsẹ̀ Jagun mú. Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yítáyọ̀ kò gba ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gbọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ní, "Ìwé ni ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i." Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Ó ní kí Jagun dùbúlẹ̀. Jagun di ojú. Ó ní, "Ṣé ó ti tán?" Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, òwú ni mo fi ń nu apá yín." Ó tún ní, "Ṣé ó ti tán?" Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ̀wù yín ni mo ń ká sókè." Ó fún ọwọ́ mi mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi méjì kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ yìí! Ṣùgbọ́n kò sá. Ẹ jẹ́ kó di mímọ̀ ní gbogbo àdúgbò: Jagun kò sá!

Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà wọlé. Àwa jókòó síta. Gbádébọ̀ gbé ọmọ mọ́ àyà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Àǹtí Ìbídùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sọ fún Màmá Ẹfúnyẹlá pé, "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sọ pé ó tán nígbà tí kò tán." Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Ìwọ náà lo padà lọ gbé agbọ̀n yòókù. Dákẹ́."

Oògùn tí Nọ́ọ̀sì fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Jagun ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní ó ti dá! Ó ti dá o! Mọ́rẹ́nikẹ́ la ojú, ó wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Ta ló da ìyẹ́ adìẹ sílẹ̀ báyìí?" A bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi jí! Olóyè Ọ̀tún jó! Olóyè Ọ̀sì jó! Kábíyèsí alára jó, adé sì fẹ́ẹ̀ẹ́ bọ́!

Nítorí náà, òfin kẹfà, òun ni ìkẹyìn! Lọ́la, bẹ̀rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo ọkùnrin tí ara rẹ̀ le yóò jáde lọ tún afárá Odò Èékú ṣe. Gbogbo wa! Ẹni tó ní ọkọ́, kó mú un. Ẹni tí kò ní, kó mú ọwọ́. Gbádébọ̀ ní òun ni yóò fi búrẹ́dì bọ́ gbogbo wa títí afárá yóò fi parí. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì láìgbé igi, òun ni yóò máa fi ẹ̀yìn pọn àwọn ènìyàn kọjá odò náà!

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òfin. Kábíyèsí ní kí n fi kún un. Láàárọ̀ yìí, kí ìyálẹ̀ta tó dé, Jagun Ògúngbèmí tún lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú. Ó yọ fìlà, ó bi Nọ́ọ̀sì Ẹ̀yítáyọ̀ léèrè pé ìgbà wo ni èèyàn tún lè fún ni ní ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó di oṣù mẹ́ta. Jagun ní, "Ó dáa. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀, kí ẹ̀rù tó tún bà mí."

Bí wọ́n ṣe bù ú fún mi ni mo ṣe gbé e dé. N kò fi iyọ̀ kún un, n kò yọ ata kúrò. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó sùn. Kí ilé ó rójú, kí ọ̀nà ó là, kí ọmọ tuntun ó dàgbà. Lámídì akéde ń lọ sí àdúgbò kejì o!